Iná Ọ̀la àti Èéfín Òní

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀ sísè tàbí ti aṣọ rírán, ṣùgbọ́n inú ilé ni yóò bá wa parí sí. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni.

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kan tí ó ń gbé ní Mowe, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tí ó wọ ilé ọkọ, ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ oṣù méje. Ó ní bí òun bá dúró ní ẹ̀yìnkùlé lálẹ́, òun a máa rí ìmọ́lẹ̀ Redemption Camp lókèèrè, tí ó tan sójú ọ̀run bí ìgbà tí òṣùpá fẹ́ yọ. Ṣùgbọ́n bí òun bá yíjú padà sí àdúgbò tiwọn, òkùnkùn biribiri ni. Sóbò àti omi tútù tí òun ń tà a máa gbóná nínú fìríìjì, àwọn oníbàárà a sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ọkọ rẹ̀ ti ń fi owó pamọ́ láti ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn yóò máa gbé e sí, kí olè má baà jí i.

Ìbéèrè méjì ni ó bi mí. Èkíní, bí irú iná Káńpù bá kárí gbogbo ìlú lọ́jọ́ iwájú, ṣé wàhálà wa ti tán nìyẹn? Èkejì, kí ni kí òun ṣe kí ọjọ́ náà tó dé? Ìbéèrè kejì ni ó kánjú jù, nítorí náà n ó fi gbólóhùn kan dáhùn rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé: àbúrò mi, má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. N ó sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

ÌMỌ́LẸ̀ KÁŃPÙ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ Redemption Camp ti Ìjọ Ìràpadà, èyí tí a ti ń pè ní Redemption City báyìí. Àwọn mìíràn kàn ń pè é ní Káńpù, láìfi orúkọ kankan kún un, ẹni tí ó bá sì gbọ́ yóò mọ ibi tí wọ́n ń wí. Ní ọdún 1983 ni ibùdó náà bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Lónìí ó ti di ìlú: ilé ìsìn ńláńlá wà níbẹ̀, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, báǹkì, ọjà, àti ilé gbígbé lọ́tùn-ún lósì. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, àti ní oṣù kẹjọ tí àpéjọ ọdọọdún ń wáyé, èrò tí ń wọ ibẹ̀ kì í lóǹkà.

Àwọn ará Káńpù kò fi ọwọ́ lẹ́rán kí wọ́n máa wo ojú iná ìjọba. Ní ọdún 2017, ìwé ìròyìn The Guardian ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ròyìn pé wọ́n ní ibùdó iná mànàmáná tiwọn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹgawáàtì 25, tí ó ń lo gáàsì tí a fi páìpù fà wá, tí ó sì ń fún ilé bí 5,000 ní iná. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ ṣe ìlara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, irú èyí tí a máa ń ṣe bí a bá fẹ́ pín oúnjẹ fún àlejò. Mẹgawáàtì kan jẹ́ wáàtì mílíọ̀nù kan. Bí a bá pín mẹgawáàtì 25 sí ilé 5,000, wáàtì 5,000 ni yóò kan ilé kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìsìn àti àwọn iléeṣẹ́ inú Káńpù náà ń mu nínú rẹ̀. Ẹ wá wo orílẹ̀-èdè wa. A ju 200 mílíọ̀nù ènìyàn lọ. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iná tí ó ń gba orí wáyà ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kò ju mẹgawáàtì 4,000 sí 5,000 lọ. Bí a bá pín 4,000 náà dọ́gbadọ́gba, wáàtì 20 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù kékeré méjì nìyẹn. Ilé tí ènìyàn márùn-ún ń gbé yóò gba wáàtì 100, níbi tí ilé kan ní Káńpù ti gba 5,000. Ìlọ́po 50 ni.

Nísinsìnyí, bí a bá fẹ́ kí gbogbo ilé ní Nàìjíríà rí ohun tí ilé kan ń rí ní Káńpù, iná tí ó wà lórí wáyà wa ní láti di ìlọ́po 50, èyí tí í ṣe mẹgawáàtì 200,000. Níbo ni a ó ti rí i? Kí ni a ó sun? Odò wo ni a ó dí? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti iná nìkan, tí ó di ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí ọmọ wa ń mí, omi tí ó ń mu, àti ilẹ̀ tí yóò dàgbà lé lórí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

OÚNJẸ TÍ INÁ Ń JẸ

Kò sí iná tí kì í jẹun. Gáàsì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná tiwa ń jẹ. Ibùdó Ẹgbin tí ó wà ní ẹ̀bá Ìkòròdú, tí a ṣí láàárín 1985 sí 1986, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹgawáàtì 1,320, gáàsì ni ó ń jó. Gáàsì náà ni ti Olórunṣògo ní Papalantó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níhìn-ín, àti ti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹni tí ó bá ti fi igi dáná rí, tí ó wá bọ́ sórí sítóòfù gáàsì, mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ibùdó iná. Gáàsì kò ní eérú, èéfín rẹ̀ kì í dúdú, àti pé fún ìwọ̀n iná kan náà, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tí ó ń tú jáde kò ju nǹkan bí ìdajì ti èédú ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìdajì kì í ṣe òfo. Afẹ́fẹ́ yìí máa ń gbára jọ sókè yí ayé ká bí aṣọ tí a fi bo ọmọ ní ọ̀sán gangan. Ooru tí ó yẹ kí ó jáde kò rí ọ̀nà jáde, ayé ń móoru, òjò ń ṣe ségesège, àgbẹ̀ kò sì mọ ìgbà tí òun yóò gbin àgbàdo mọ́. Èyí tí ó wá burú jù ni pé bí gáàsì bá jò lára páìpù kí ó tó jó rárá, mẹ́tènì tí ó wà nínú rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì lọ ní ìlọ́po tí ó ju 80 lọ láàárín 20 ọdún àkọ́kọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé àwọn tí gáàsì náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ní agbègbè Niger Delta, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń sun gáàsì tí ó ń bá epo rọ̀bì jáde dànù ní gbangba. Ní 1979 ni ìjọba ṣe òfin pé kí ó dópin ní 1984. Ọdún náà dé, ó kọjá, iná náà kò kú tán títí di òní. Àwọn ìyá kan wà níbẹ̀ tí ọmọ wọn kò mọ òkùnkùn alẹ́ rí, nítorí pé iná tí ń sun gáàsì dànù ń jó lẹ́yìn ilé wọn tọ̀sán-tòru. Ohun tí ó yẹ kí ó máa tan fìríìjì tiwa ni ó ń jó níbẹ̀ lófo, tí ó ń fi ẹ̀dùn sílẹ̀ lórí òrùlé wọn.

Síbẹ̀, a ní láti sọ òtítọ́ ibòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ se ìrẹsì fún ogún ènìyàn, ìkòkò ńlá kan lórí ààrò kan kì í jẹ igi tó ogún ìkòkò kékeré lórí ogún ààrò. Ibùdó iná ńlá kan tí a ń tọ́jú dáadáa sàn ju ẹgbẹ̀rún jẹnẹrétọ̀ kékeré lọ. Lítà bẹntiróòlù kan ṣoṣo tí jẹnẹrétọ̀ bá jó yóò tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tí ó ju kílò méjì lọ sínú afẹ́fẹ́, iná tí ó sì ń mú wá kò tó nǹkan. Ìkòkò ńlá ni Káńpù fi ń dáná. Ààrò kékeré kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wa tí a wà lẹ́yìn ọgbà ń fi dáná.

OMI TÍ Ó BO ÌLÚ

Àwọn kan yóò sọ pé, ó dára, ẹ jẹ́ kí a fi gáàsì sílẹ̀, kí a lo omi, nítorí pé omi kò ní èéfín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Kainji. Láàárín 1964 sí 1968 ni a dí Odò Ọya níbẹ̀. Ìlú Bussa àtijọ́, níbi tí Mungo Park ará Skọ́tílándì kú sí ní 1806, wà lábẹ́ omi lónìí. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni a kó kúrò ní ilé bàbá wọn lọ sí ibùjókòó tuntun. Ìyá mélòó ni ó fi ààrò rẹ̀, kànga rẹ̀ àti ibojì òbí rẹ̀ sílẹ̀ fún omi, kí iná lè tàn ní Èkó àti ní Ìbàdàn? Àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò tí wọ́n ti ń dúró de ìkún omi ọdọọdún láti fi gbin ìrẹsì rí i pé omi kì í dé bí ó ti ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹja sì dín kù nínú àwọ̀n apẹja.

Ní ilẹ̀ Gánà, ìdídò Akosombo tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965 lé nǹkan bí 80,000 ènìyàn kúrò nílé. Láti ibẹ̀ ni iná ti ń lọ sí Tógò àti orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Oòduà tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú omi adágún tí kò ṣàn mọ́, ìgbín omi kékeré tí ń gbé àrùn kiri rí ibùgbé, àìsàn tí ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀ sì di púpọ̀ ní etí omi náà. Nígbà tí ọ̀dá sì dé ní 1998, omi fà, iná sì di ohun tí wọ́n ń pín ní ìwọ̀nba.

N kò sọ èyí láti ní kí a má ṣe dí odò mọ́. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé gbogbo iná ni ó ní owó orí tirẹ̀, àti pé ẹni tí ń san owó náà kì í sábà jẹ́ ẹni tí ń jókòó sábẹ́ fáànù.

OÒRÙN ÀTI BÁTÌRÌ

Oòrùn ńkọ́? Nínú gbogbo ọ̀nà tí a ní, èyí ni ọkàn mi fà mọ́ jù. Kò ní èéfín, kò ní ariwo, kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé, Ọlọ́run sì ti fún wa ní tiwa lọ́pọ̀. Ní ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ tí ó wáyé ní Glasgow ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣèlérí pé tí ó bá fi máa di ọdún 2060, Nàìjíríà kò ní máa dá kún ooru ayé mọ́. Kò sí bí ìlérí náà ṣe lè ṣẹ bí a kò bá lo oòrùn.

Ṣùgbọ́n oòrùn kì í ràn lóru, nítorí náà bátìrì ni a fi ń tọ́jú iná rẹ̀, òjé sì ni ó wà nínú púpọ̀ nínú bátìrì tí a ń rà. Òjé kì í jẹrà. Bí bátìrì bá kú, tí a tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, ẹnì kan níbì kan ni yóò fọ́ ọ, tí yóò sì yọ́ òjé inú rẹ̀. Ní Ogijo, tí kò jìnnà sí Ṣágámù, ìwádìí tí àwọn oníròyìn tẹ̀ jáde ní 2025 fi hàn pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ń gbé ní ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àtijọ́, àti ọmọdé pẹ̀lú. Ẹ kò sì ní gbàgbé Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí eruku òjé láti ibi ìwakùsà wúrà ti pa ọmọ tí ó ju 400 lọ. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, èyí tí ó bá sì bàjẹ́ tán kò ní àtúnṣe. Nítorí náà, bí a bá ń yin oòrùn, kí a máa bèèrè pẹ̀lú pé: bátìrì yìí, ibo ni ó ń lọ bí ó bá kú?

ÈÉFÍN TÍ KÒ NÍ ÒÓRÙN

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé kí a wá jókòó sínú òkùnkùn ni? Rárá o. Òkùnkùn náà ní èéfín tirẹ̀. Ibi tí iná kò bá sí, igi, èédú, epo òyìnbó àti bẹntiróòlù ni à ń jó, inú ilé ni a sì ti ń jó wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín ìdáná inú ilé pa káàkiri ayé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn sì ju 237,000 lọ. Ìyá tí ń dáná àti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà á símú.

Ti jẹnẹrétọ̀ tún léwu jù ú lọ. Nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kan wà tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ni lójú. Bí a bá fà á símú, yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò sì gba ipò afẹ́fẹ́ rere, nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí afẹ́fẹ́ rere ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀fọ́rí ni yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà òòyì, lẹ́yìn náà oorun, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í jí nínú oorun náà. A ti gbọ́ ọ léraléra: ìdílé sùn lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, a kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn.

Ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà tí àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin, aládùúgbò wa gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ fèrèsé wa. Mo ti fèrèsé nítorí ariwo, mo sì rò pé ó tán síbẹ̀. Mo jí lóru, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé a ń gún iyán nínú rẹ̀. Mo gbé ọmọ láti fún un lọ́mú, kò gba ọmú, ọrùn rẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Mo kígbe pe bàbá rẹ̀, a sì gbé ọmọ sáré bọ́ sí gbangba. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i lára, ó bú sẹ́kún. N kò tíì gbọ́ ẹkún tí ó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtọ́jú ilé ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Mo mọ orúkọ èéfín náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò rò pé yóò gba inú fèrèsé títì wọlé tọ̀ mí wá.

OHUN TÍ Ó WÀ LÁGBÁRA WA

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ìyàwó ilé lè ṣe.

1. Ẹ ka iye iná tí ẹ ń lò. Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo ara ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí iye wáàtì rẹ̀. Ẹ fi iye wákàtí tí ó ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Fìríìjì oníwáàtì 120 tí ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 nínú 24 yóò jẹ 1,440. Fáànù oníwáàtì 60 fún wákàtí 10 yóò jẹ 600. Gílóòbù LED mẹ́rin oníwáàtì 10 fún wákàtí 5 yóò jẹ 200. Tẹlifíṣàn oníwáàtì 60 fún wákàtí 4 yóò jẹ 240. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,480. Ẹgbẹ̀rún kan ni yúníìtì kan lórí mítà, nítorí náà ilé yìí ń jẹ yúníìtì méjì àbọ̀ lóòjọ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ bí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà tí òun fẹ́ rà yóò ti tóbi tó, ọlọ́jà yóò sì tà á ní èyí tí ó wù ú.

2. Ẹ dín ohun tí ń jẹ iná lásán kù. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 kò mọ́lẹ̀ ju LED oníwáàtì 9 lọ. Ẹ di igò omi sínú firísà nígbà tí iná bá wà, kí ó kún. Yìnyín inú rẹ̀ yóò mú oúnjẹ tutù nígbà tí iná bá lọ, bí a kò bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ káàkiri. Ẹ lọ gbogbo aṣọ ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

3. Bí jẹnẹrétọ̀ bá di dandan, kí ó jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ihò èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé tiyín àti sí ti aládùúgbò. Kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, kí alágbẹ̀dẹ ṣe ilé irin fún un ní gbangba, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ ilẹ̀. Kí ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Bí ẹ̀fọ́rí bá mú ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé, ẹ má ṣe wá oògùn, ẹ jáde síta, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

4. Ní ìhà tiwa níhìn-ín, sólà oníwáàtì 300 kan lè mú nǹkan bí yúníìtì kan wá ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, yóò sì dín kù lásìkò òjò. Ilé tí a ṣírò lókè yìí yóò nílò mẹ́ta. Bí owó kò bá ká a, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gílóòbù àti fáànù. Ilé mẹ́rin tún lè dá àjọ láti fi ra èyí tí ó tóbi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá àjọ ra màlúù ọdún.

5. Bátìrì tí ó bá kú, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ta tuntun fún yín ni kí ẹ dá a padà sí.

6. Bí ẹ bá gbọ́ pé a fẹ́ kọ́ ibùdó iná tàbí ibi ìyọ́-bátìrì sí àdúgbò yín, ẹ lọ sí ìpàdé náà. Láti ọdún 1992 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé kí a tó kọ́ irú iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ohun tí yóò ṣe sí àyíká wò, kí a sì gbọ́ tẹnu àwọn ará ìlú. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 sì ti fi ọ̀rọ̀ iná sí ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí náà àwọn tí ẹ ó bi léèrè kò jìnnà sí yín mọ́. Àwọn ọkùnrin yóò bèèrè iye iṣẹ́ tí yóò wà. Ẹ̀yin, ẹ bèèrè ibi tí èéfín yóò gbà, ibi tí omi ìdọ̀tí yóò ṣàn sí, àti ẹni tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò.

ÈSÌ LẸ́TÀ

Àbúrò mi ní Mowe, ìwọ ni mo padà sí. Ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́: rárá, wàhálà kò ní tán nítorí pé iná Káńpù kárí ìlú. Bí a bá fi gáàsì nìkan ṣe é, yóò di ooru fún ọmọ ọmọ wa. Bí a bá fi omi nìkan ṣe é, àwọn kan yóò pàdánù ìlú wọn. Bí a bá fi oòrùn ṣe é láìbìkítà nípa bátìrì, òjé yóò wọ ilẹ̀ wa. A ní láti pò ó pọ̀, bí a ti ń po oúnjẹ ọmọ: oòrùn púpọ̀, omi níbi tí kò ti ní ba ìlú jẹ́, gáàsì tí a ti ń sun dànù tẹ́lẹ̀ kí ó di ohun tí a ń lò títí oòrùn yóò fi tó, kí a sì máa tọ́jú ohun tí a bá lò tán.

Ti ìkejì: fi ìwé yìí han bàbá ọmọ. Má ṣe bá a jà, nítorí ìfẹ́ ilé rẹ̀ ni ó mú un fi owó pamọ́. Fìríìjì sóbò rẹ ń jẹ yúníìtì kan àbọ̀ lóòjọ́. Ẹ jọ jókòó ṣírò iye bẹntiróòlù tí yóò máa bá a lọ fún ọdún kan, kí ẹ fi wé owó sólà méjì pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ilé mẹ́ta tí ó yí yín ká bóyá wọn yóò bá yín dá a. Bí ó bá sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ náà ni owó ká, kí ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí o máa ń dúró sí wo ìmọ́lẹ̀ Káńpù lálẹ́, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé yàrá ọmọ.

Kọ̀wé padà kí o sọ ohun tí ẹ ṣe fún mi. Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.